Werner von Bolton, Ẹni Tó Gba Irin Lọ́wọ́ Afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì kẹ́místírì á rántí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irin dípẹtà. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ẹni tó bá a jà, tó sì borí.

Ìlú Tiflis ní Georgia ni wọ́n ti bí Werner von Bolton ní 1868. Nígbà tó yá, ó di onímọ̀ kẹ́místírì ní ilé iṣẹ́ Siemens & Halske ní Berlin. Èédú ni wọ́n fi ń ṣe òwú tẹ́ẹ́rẹ́ inú gílóòbù láyé ìgbà náà, ó sì ń jẹ iná jù. Irin tí ooru ò lè tètè yọ́ ni wọ́n ń wá. Ekeberg ará Sweden ti ṣàwárí tantalum láti 1802, àmọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kò sẹ́ni tó rí ojúlówó rẹ̀ tó ṣeé fà bíi wáyà.

Kí ló fà á? Ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń yọ irin: wọ́n á kó èédú ti òkúta irin, wọ́n á fín ẹwìrì, èédú á sì gba ọ́síjìn kúrò lára òkúta. Tantalum ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí èédú bá wọ inú ẹ̀, á máa ṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án nígbà tó gbóná, á tún gbé ọ́síjìn mì.

Bolton wá dá ọgbọ́n. Ó fi oxide tantalum ṣe òwú, ó fi í sínú gíláàsì, ó fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, ó wá tan iná mànàmáná sí i títí ó fi funfun báláú. Ọ́síjìn tú sílẹ̀, pọ́ǹpù fà á lọ, irin ló ṣẹ́kù! Ní 1903, ó rí tantalum yọ́ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ní ooru bí 3,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 1905, òun àti Otto Feuerlein gbé gílóòbù rẹ̀ jáde.

Ẹni ọdún 44 ni nígbà tó kú ní 1912. Tungsten ti ń gba ipò tantalum nínú gílóòbù nígbà náà, ṣùgbọ́n tantalum ṣì wà nínú ẹ̀rọ tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà lónìí.

Ẹ gbọ́ o: òkúta rẹ̀ wà ní Ìjerò-Èkìtì, ó wà ní Jos. Bí òkúta ló ṣe ń relé òyìnbó láti ayé àwọn aláṣẹ amúnisìn. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé afẹ́fẹ́ jáde ló ń jèrè ẹ̀. Tá a bá ń ro ohun tá a máa fi ta ilé ẹ̀kọ́ wa ní Igbaye lọ́rẹ, ẹ jẹ́ ká rántí yàrá kẹ́místírì. Ire o.