Julian Huxley, Ẹni tí ó Ṣọ́ Ìfẹ́ Àwọn Ẹyẹ

Kò sí ẹni tí ń gbé ìlú Bìní tí kò mọ ẹyẹ ẹ̀gà. Bí àkókò òjò bá dé, akọ ẹ̀gà a fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ilé, a dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, a sì máa gbọn ìyẹ́ tariwo-tariwo títí abo kan yóò fi wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ilé náà bá wu abo, yóò kó koríko rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Bí kò bá sí abo tí ó yà síbẹ̀ títí imọ̀ fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ni yóò tú ilé náà palẹ̀, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nínú àwọn tí ó sọ irú ìwà báyìí di ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ni Julian Huxley wà, ọkùnrin kan náà tí ó lọ́wọ́ sí ìdásílẹ̀ yunifásítì ní Ìbàdàn.

Ìlú London ni a ti bí i ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1887. Bàbá-bàbá rẹ̀, Thomas Henry Huxley, ni ó gbèjà Darwin nígbà tí ọ̀pọ̀ ń bú u. Aldous, òǹkọ̀wé olókìkí nì, sì ni àbúrò rẹ̀. Oxford ni Julian ti kàwé.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1912, òun àti Trevenen àbúrò rẹ̀ lọ lo bí ọ̀sẹ̀ méjì létí àwọn adágún omi Tring, níbi tí wọ́n ti ń fi awò amọ́nà-jíjìn-súnmọ́ni wo ẹyẹ omi kan tí ó tó pẹ́pẹ́yẹ, tí ìyẹ́ dúdú dúró ṣónṣó ní orí rẹ̀. Nígbà ayé bàbá-bàbá wọn, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ yìí run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìyẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́. Huxley rí i pé akọ àti abo a kọjú sí ara wọn, wọn a máa mi orí lọ́tùn-ún lósì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì a wọ inú omi lọ, wọn a fi ẹnu fa koríko ìsàlẹ̀ omi, wọn a sì dìde nàró láyà-sí-àyà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ rìn lórí omi. Bí ọ̀kan bá lọ tí ó sì padà dé, kíkí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Darwin ti kọ́ni pé akọ ni í ṣe ọ̀ṣọ́, tí í jó, kí abo lè yàn án. Ṣùgbọ́n nínú ẹyẹ yìí, akọ àti abo ni wọ́n jọ wọ ọ̀ṣọ́, wọ́n jọ ń jó, wọn kò sì dá ijó náà dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti yan ara wọn. Nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1914, Huxley sọ pé ijó náà ni ó so tọkọtaya pọ̀ títí wọn yóò fi kọ́ ìtẹ́, tí wọn yóò jọ sàba, tí wọn yóò sì gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn lórí omi. Ìtàn Bìní náà kò ṣàì mẹ́nu ba ẹyẹ: ẹyẹ kan ké pé ibi ń bọ̀ nígbà ogun Idah, ní nǹkan bí ọdún 1515, Ọba Esigie ní kí a pa á, ó sì ṣẹ́gun. Ère ẹyẹ náà tí a fi idẹ ṣe ni àwọn ìjòyè ń lù nígbà ọdún Ugie Oro. Ohun tí ẹyẹ ń sọ fún ènìyàn ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹyẹ ń sọ fún ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Huxley ń wá.

Ọdún tí ìwé náà jáde kò dára fún un. Àárẹ̀ ọkàn dá a dùbúlẹ̀, Trevenen tí wọ́n jọ ṣọ́ ẹyẹ sì pa ara rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń padà wá bá Julian ní ìgbà dé ìgbà. Ó fẹ́ Juliette Baillot, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ní 1919. Ìgbéyàwó náà kò dúró bí ti àwọn ẹyẹ Tring, nítorí ojú Julian kò gbélé; síbẹ̀ Juliette kò fi í sílẹ̀. Ní 1934 ó ṣe fíìmù nípa àwọn ẹyẹ òkun ńlá tí ń tẹ́ ìtẹ́ sí erékùṣù, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn Oscar.

Ní 1944 ó bá ìgbìmọ̀ Elliot wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti wà nínú ìgbìmọ̀ yìí. Nígbà tí ìròyìn jáde ní 1945, ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Ọ̀pọ̀, tí àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára wọn, fẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta: ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Gold Coast, ọ̀kan ní Sierra Leone. Huxley àti àwọn mẹ́rin mìíràn ní Ìbàdàn nìkan ni kí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀, nítorí wọ́n rò pé owó àti olùkọ́ kò ní kárí. Èrò wọn dá Ìbàdàn láre, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò bójú mu pé kí àlejò dín ohun tí onílé béèrè kù. Àwọn ará Gold Coast kò gbà. Wọ́n ní àwọn yóò náwó ara àwọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn àti ti Ìbàdàn sì jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Ibà ni Huxley gbé padà sílé láti ọ̀dọ̀ wa, àárẹ̀ ọkàn rẹ̀ sì tún dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbádùn, ó sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún UNESCO ní 1946. Ní 1961 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WWF sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́. Ó kú ní London ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1975, ọjọ́ tí a fi ń rántí Valentine, olùgbèjà àwọn olólùfẹ́. Ẹni ọdún 87 ni, Juliette sì ti bá a gbé fún ohun tí ó lé ní ọdún 55.