Òṣífẹkúndé: Ọmọ Ìjẹ̀bú Tó Dá Kọjá Òkun Nítorí Ọmọ Rẹ̀

 

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ dá rìnrìn àjò kọjá òkun Àtìláńtíìkì, físà àti owó ọkọ̀ ló máa wá. Ọkọ̀ ojú omi wà tó dà bí hòtẹ́ẹ̀lì, tí èèyàn á máa jẹ, tí á máa sùn, títí tí yóò fi gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò rí irú ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá òkun yẹn. Wọ́n dè é lọ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, láìsí ọ̀gá tó ń mú un lọ. Tìtorí ìrìn kẹta yìí la ṣe ní ká sọ ìtàn rẹ̀.

Òṣífẹkúndé lorúkọ rẹ̀. Nǹkan bí ìparí ọdún 1700 sí 1800 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nígbà yẹn, òyìnbó kì í wọ ìlú wa. Òótọ́ ni pé Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, ti kọ nípa Ìjẹ̀bú àti yàrà ńlá tó yí i ká láti nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ṣùgbọ́n etí omi ni ọjà wọn máa ń pin sí. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ń gbé ọjà wọlé, àwọn náà ló ń gbé aṣọ òfì jáde. Oníṣòwò ni Òṣífẹkúndé náà. Ẹ̀yin ará Waterside mọ bí omi ṣe gba ọ̀dọ̀ yín lọ sápá ìlà oòrùn. Apá ibẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn odò Niger ti ń ya wọ òkun, ni àwọn Ìjọ́ ti ká a mọ́ lọ́dún 1820. Wọ́n tà á. Bó ṣe di èrò Brazil nìyẹn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tó fi sìn níbẹ̀. Joseph ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ibẹ̀ náà ló ti bí ọmọkùnrin kan. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀, tó jẹ́ ará Faransé, mú un dání lọ sí Paris. Ilẹ̀ Faransé nígbà yẹn kò gbà kí ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹrú lórí ilẹ̀ tiwọn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń kó ẹrú ṣiṣẹ́ ní àwọn erékùṣù wọn lókè òkun. Bí Òṣífẹkúndé ṣe gúnlẹ̀ báyìí, ó di òmìnira. Ó wá iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe, ó ń gbowó.

Lọ́dún 1839, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Marie-Armand d'Avezac gbọ́ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa wádìí ìlú àti ilẹ̀ gbogbo. Ó jókòó ti Òṣífẹkúndé, ó ń bi í léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ìlú, odò, ọjà, oyè, bí a ṣe ń jọba, bí a ṣe ń bọ òrìṣà, títí kan ọ̀rọ̀ ẹnu Ìjẹ̀bú. Wọ́n tilẹ̀ fi irú ohun funfun tá à ń pè ní P.O.P. lónìí mú àwòrán ojú rẹ̀. Ìwé náà jáde lọ́dún 1845. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jà wá níyà ní Ìmàgbọ̀n lọ́dún 1892. Ẹni tó kúrò nílé láti nǹkan bí ogún ọdún ló ń ka ilé bí ẹni tó jáde lánàá.

D'Avezac fẹ́ bá a wá ọ̀nà ilé. Ó fẹ́ kó gba Sàró padà. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe àlá. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú ní Òṣòogùn lọ́dún 1821, Sàró ni wọ́n gbé e lọ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Lọ́dún 1846, ó fojú kan ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Láti nǹkan bí ọdún 1839 náà ni àwọn Sàró ti ń padà sí Àgbádárìgì àti Èkó.

Òṣífẹkúndé ro ó títí. Ilé wà níhìn-ín, ọmọ wà lọ́hùn-ún. Ó wọkọ̀ padà sí Brazil, ilẹ̀ tí wọn ò fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ títí di 1888, kó lè wà nítòsí ọmọ rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa, ó sì lọ.

Ẹ má jẹ́ ká yára dá a lẹ́jọ́. Lórí àwọn gúrúùpù wa, a máa ń sọ pé ẹni tí kò wálé ti gbàgbé ilé. Òṣífẹkúndé kò gbàgbé nǹkan kan. Ọmọ ló fà á. Kí ló sì kù fún wa lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tó fẹnu sọ, tí ẹlòmíì kọ. Ká ní kò sí ẹni tó jókòó tì í ni, gbogbo rẹ̀ ì bá bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan la ní. Ẹni tó bá ṣì ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, ẹ tan fóònù yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀: orúkọ àdúgbò, oríkì ìdílé, ọjà àtijọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tí ọmọ ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè wálé, ẹ̀yin náà ẹ gba ohùn tiyín sílẹ̀. Ẹ máa fi í ránṣẹ́ sílé.