Aleksandar Stamboliyski: Ọmọ Àgbẹ̀ tí ó Di Olórí Ìjọba Bulgaria

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ti ilé àti ti ẹ̀yìn odi, a fẹ́ kí ẹ bá wa rìn jìnnà díẹ̀ lọ́dún yìí, dé ilẹ̀ Balkan ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ìtàn ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa ni a fẹ́ sọ: ó jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ó ṣe olùkọ́ ní abúlé, ó sì jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1879 ni a bí Aleksandar Stamboliyski ní abúlé Slavovitsa, ní ilẹ̀ Bulgaria. Àwọn ará Bulgaria ti wà lábẹ́ àjàgà àwọn Tọ́kì fún nǹkan bí 500 ọdún. Ọdún kan péré ṣáájú ìbí rẹ̀ ni àjàgà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nínú ènìyàn márùn-ún ní ilẹ̀ náà nígbà náà, mẹ́rin ni àgbẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú bí wọ́n ti pọ̀ tó, wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tí a gbé ń pín owó ìlú.

Ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Sadovo, ó sì kọ́ ìtọ́jú ọgbà àjàrà ní Pleven. Ó ṣe olùkọ́ ní abúlé Vetren, ó sì fẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀ níyàwó. Ó lọ sí Jámánì láti kàwé sí i, ṣùgbọ́n ikọ́ ife dá a padà sílé.

Ní ọdún 1899, ìjọba pinnu láti máa gba ìdá mẹ́wàá irè oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Èyí bí wọn nínú púpọ̀, wọ́n sì pé jọ ní Pleven ní oṣù kejìlá ọdún náà láti dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ sílẹ̀. Stamboliyski di olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1908. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìran oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ má sì máa tẹ̀lé àwọn olóṣèlú ìgboro tí kò mú ọkọ́ rí.

Ní ọdún 1912, Bulgaria àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbógun ti Tọ́kì, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ní ọdún 1913, Ọba Ferdinand tún dojú ìjà kọ àwọn tí ó bá a jagun náà, Serbia àti Greece, ó sì fìdí rẹmi. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó tún ń múra láti bá Jámánì wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, ó gba àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alátakò láyè ní ààfin. Nígbà tí ó kan Stamboliyski, ó wí fún ọba lójúkojú pé àwọn àgbẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́ láti ọdún 1913, àti pé bí ó bá tún kó wọn lọ sójú ogun, ó lè fi orí ara rẹ̀ san án. Ọba dá a lóhùn pé kí ó máa ro ti orí tirẹ̀ ná. Ẹ wo ọmọ ẹni ọdún 36, láti abúlé, níwájú ọba! Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pín in kiri. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ ológun sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un.

Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ojú ogun fọ́, àwọn ọmọ ogun kọ̀ láti jà mọ́, wọ́n sì kọjú sí Sofia, olú ìlú wọn. Ọba fúnra rẹ̀ ni ó tú Stamboliyski sílẹ̀ kí ó lè lọ pẹ̀tù sí wọn nínú. Àwọn ọmọ ogun kò gba ìpẹ̀, wọ́n kéde ní Radomir pé kò sí ọba mọ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí. Ìjọba bo ọ̀tẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Ferdinand pẹ̀lú kò pẹ́ lórí oyè: ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, ó fi oyè sílẹ̀ fún Boris ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1919, Stamboliyski di olórí ìjọba. Ẹni tí ó kọ ogun náà ni ó wá lọ sí Neuilly, nítòsí Paris, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, láti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Bulgaria, tí ó dín ọmọ ogun rẹ̀ kù sí 20,000, tí ó sì bu gbèsè ńlá lé e lórí.

Ó ṣiṣẹ́ gidigidi. Ó fi òfin lélẹ̀ pé ilẹ̀ oko ìdílé kan kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, kí àwọn tí kò nílẹ̀ lè rí ilẹ̀ dá oko. Ní ọdún 1920, ó pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ fún ìlú, kí wọ́n máa la ọ̀nà, kí wọ́n sì máa kọ́ ilé ìwé. Ní ọdún 1921, wọ́n tún àkọtọ́ èdè wọn ṣe, wọ́n yọ àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ ní ìparí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Àwa olùkọ́ tí a mọ bí àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n a kò lè gbè é lẹ́yìn nínú ohun gbogbo. Nígbà tí ìbò ọdún 1920 kò fún un ní iye tí ó fẹ́, ó ní kí wọ́n fagi lé ìjókòó 13 tí àwọn alátakò wọlé sí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kùmọ̀ kiri láti na àwọn tí kò bá wọn ṣe. Ní ọdún 1922, wọ́n dá àwọn aṣáájú alátakò tí ó ń lọ sí ìpàdé ní Tarnovo lọ́nà, wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n gé irùngbọ̀n àwọn àgbààgbà, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi Sofia wé Sódómù àti Gòmórà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ológun, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn olówó tí inú ń bí ń gbé nínú Sofia yìí kan náà.

Àwọn ọ̀tá rẹ̀ tí ó le jù ni àwọn ọmọ Makedóníà tí ó fẹ́ fi ìbọn gba ilẹ̀ wọn padà. Òun fẹ́ àlàáfíà, ó sì bá Yugoslavia ṣe àdéhùn ní Niš ní oṣù kẹta ọdún 1923 láti dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Ní oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 212 nínú 245. Ó dà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó lè mì í mọ́.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Tsankov sípò rẹ̀. Slavovitsa ni ó wà. Àwọn àgbẹ̀ kó jọ láti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ìjà wọn kò tó. Àwọn Kọ́múníìsì, tí ó ti fìyà jẹ tẹ́lẹ̀, káwọ́ gbera. Wọ́n mú un, wọ́n dá a lóró, wọ́n gé ọwọ́ tí ó fi kọ orúkọ sí àdéhùn Niš, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Ẹni ọdún 44 ni.

Ìjọba tuntun dá àwọn lẹ́tà tí ó yọ padà sínú ìwé. Ní ọdún 1945 ni wọ́n tó tún yọ wọ́n, àwọn ọmọ ilé ìwé Bulgaria kò sì kọ wọ́n mọ́ títí di òní.