Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti: Dókítà ọmọ Ẹ̀gbá tó tú àṣírí ikú àbúrò rẹ̀ kí ará ìlú lè yè

Tí wọ́n bá dárúkọ ìdílé Ransome-Kuti l'Ábẹ́òkúta, Fẹlá olórin ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, tàbí ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Fẹlá kan wà tí kì í pariwo, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń gba ẹ̀mí là dòní. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Àlùfáà Ísírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ti ń ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 1932, bàbá náà padà sílé wá di ọ̀gá Abeokuta Grammar School, ibẹ̀ sì ni Olíkóyè ti kàwé. Ó kọjá sí Ìbàdàn, ó tún lọ sí Dublin ní orílẹ̀-èdè Ireland, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn.

Nígbà tó padà dé, àwọn ọmọdé ló gbájú mọ́. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó. Ohun tó rí níbẹ̀ kò fi í lọ́kàn balẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti èéyi ló ń pa àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ àwọn àìsàn wọ̀nyí kò nílò ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n tó ṣeé dènà. Ó gbà pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà aráàlú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi í ṣe mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́dé tó ń gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn èèyàn ní wọ́ọ̀dù àti abúlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, fífún ọmọ lọ́yàn: àsìkò rẹ̀ ni wọ́n di ohun tí ìyálọ́jà ń sọ lọ́jà.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló wà lọ́dún 1986, nígbà tí wọ́n kéde àwọn aláàrùn Éèdì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, wọ́n ní wọ́n kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n ni. Olíkóyè ò fi ṣeré. Kí ó tó di mínísítà rárá, lọ́dún 1983, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ Society for Family Health sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó jẹ́ kí kọ́ńdọ́ọ̀mù Gold Circle di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Títí tó fi kúrò nípò lọ́dún 1992, ìkìlọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àfi bí àrùn náà ṣe wọlé tọ̀ ọ́. Fẹlá, àbúrò rẹ̀ tó fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, kò gbà pé Éèdì wà, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997 ni Fẹlá kú, lẹ́ni ọdún 58. Bẹ́kọ̀, àbúrò wọn tó jẹ́ dókítà bákan náà, wà lẹ́wọ̀n Abacha.

Ìdílé mìíràn ì bá sọ pé àìsàn ránpẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ì bá bi wọ́n léèrè. Nígbà yẹn, ìtìjú gidi ni kí wọ́n gbọ́ pé Éèdì pa èèyàn ẹni. Lọ́jọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Àwọn kan bínú, àwọn olólùfẹ́ Fẹlá kan ò gbà á gbọ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tú jáde lọ sìnkú Fẹlá l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tàn kálẹ̀. Ẹni tó rò pé àrùn náà jẹ́ ìtàn lásán ti wá mọ ẹni tó pa.

Olíkóyè kú ní London lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2003. Ohun tó bá jà, ìyẹn ìdákẹ́jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, kò tíì kú. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.9 ló ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV ní Nàìjíríà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló gbà pé tí àwọn bá ti fi ẹnu ṣe é, kò séwu. Irọ́ ni. Lóòótọ́, HIV kì í sábà gba ẹnu ran èèyàn, àmọ́ ewu náà ń pọ̀ sí i tí egbò bá wà lẹ́nu tàbí tí eérìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí àti sífílíìsì ń gba ẹnu ràn dáadáa. Àtọ̀sí lè wà lọ́nà ọ̀fun kó má dun èèyàn rárá, kí onítọ̀hún sì máa pín in kiri. Kòkòrò HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lè fa jẹjẹrẹ ọ̀fun pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wọ ètò Nàìjíríà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14.

Kọ́ńdọ́ọ̀mù ń dín ewu náà kù, kódà tó bá jẹ́ ẹnu. Àyẹ̀wò ló sì ń fi ohun tó fara pa mọ́ hàn. Ẹni tó bá ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí tí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lòpọ̀. Oògùn yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà nígbà tí Fẹlá kú.

Ará Ìtòrí, Pápáláńtò tàbí Ewékorò tó bá wọ ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ ọn láti lọ ṣàyẹ̀wò, ojú ọ̀nà tí ọmọ Ẹ̀gbá yìí là sílẹ̀ ló ń tọ̀. Ìtìjú ò gbọdọ̀ dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.