Pásítọ̀ Bayes àti bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Pásítọ̀ ni, Thomas Bayes lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan bí ọdún 1701 ni wọ́n bí i. Joshua, bàbá rẹ̀, náà jẹ́ oníwàásù, ṣùgbọ́n ìjọ wọn kò sí lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà tó jẹ́ ti ìjọba. Wọn kì í sì í fún irú wọn ní oyè ní yunifásítì Oxford àti Cambridge nígbà náà. (Ẹni tó bá ń gbé ibi tí kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀ á mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni.) Edinburgh ní Scotland ló lọ kàwé ní 1719, kó tó wá di pásítọ̀ ní Tunbridge Wells.

Ìṣirò kò jẹ́ kó sinmi. Ní 1742, wọ́n gbà á sínú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí kò jáde lójú ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin, ọdún 1761. Richard Price, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló rí ìwé náà nínú àwọn ohun tó fi sílẹ̀, tó tún un ṣe, tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà ní 1763. Bí kò bá ní ọ̀rẹ́ gidi, ikán ì bá ti jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn ni pé bí ẹ̀rí tuntun bá dé, a kì í da ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nù. Ńṣe là ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 1,000 ṣe àyẹ̀wò àrùn kan, tó jẹ́ pé 10 péré ló ní in. Àyẹ̀wò náà mú 9 nínú wọn. Ṣùgbọ́n nínú 990 tí kò ní in, ó ṣèèṣì mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 99. Èèyàn 108 ni wọ́n máa sọ fún pé wọ́n ní àrùn, 9 péré ló sì jẹ́ òótọ́!

Ní 1972, Dókítà de Dombal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leeds dán an wò fún aláìsàn 304 tí inú ń run. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ìṣirò Bayes sí mọ àrùn ìdá 91.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ti ọ̀gá dókítà ibẹ̀ jẹ́ 79.6.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àyẹ̀wò Widal ni. Taifọ́ọ̀dù tó ti lọ tipẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àní màléríà pàápàá, lè mú kí bébà Widal sọ pé taifọ́ọ̀dù wà. Owó ọjà tí àwọn èèyàn wa ti ná sórí bébà yẹn kò kéré. Èyí tó burú jù ni pé bí màléríà ló wà lára ọmọ, tó jẹ́ pé taifọ́ọ̀dù là ń tọ́jú, ọmọ náà lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Dókítà tó ń béèrè ọjọ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, omi tí ẹ ń mu, àti ẹni tó tún ń ṣàìsàn nínú ilé, kò fi àkókò yín ṣòfò. Ìṣirò Bayes ló ń ṣe, bí kò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn dáadáa, kí ẹ sì bi í bóyá ó yẹ kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ náà wò ní ilé àyẹ̀wò, nítorí ìyẹn ṣe é gbára lé ju Widal lọ.

Bunhill Fields ní London ni wọ́n sin Bayes sí. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún lè lọ wo ibojì rẹ̀.