Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́

Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ọmọ Yorùbá kan ti di ọmọ àgbàtọ́ ní Ìlú Ọba. Ní nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i ní Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Yewa tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn báyìí. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ orúkọ yìí ti mọ̀ pé ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ṣàì kan Ìlọrin. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé lágbára, ìṣákọ́lẹ̀ ni Dàhòmì ń san fún Aláàfin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Àfọ̀njá kẹ̀yìn sí Aláàfin, tí ogun Ìlọrin sì tú Ọ̀yọ́-Ilé ká láàárín ọdún 1830 sí 1839, kò sí ẹni tó lè dá Ọba Gézò ti Dàhòmì lọ́wọ́ kọ́ mọ́. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ run Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n pa àwọn òbí Àìná, wọ́n sì kó òun lẹ́rú lọ.

Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Bonetta, lọ bẹ Gézò pé kó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gézò kò gbà, ṣùgbọ́n ó kó ẹ̀bùn fún un láti gbé lọ bá Ọbabìnrin Victoria. Ọmọ náà wà lára ẹ̀bùn. Forbes mọ̀ pé bí òun bá kọ̀ ọ́, wọn yóò fi í rúbọ ni. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Àgbádárìgì, wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ṣe di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi.

Victoria rí i ní Windsor ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gba ìnáwó rẹ̀ rù. Àmọ́ wọ́n ní òtútù kò bá a lára mu, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé ní Freetown, ilẹ̀ Sàró, ní 1851. Ní 1855, wọ́n tún ní kó padà wá. Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá lọ, ó ti gbé Òkè-Ọ̀dàn, Dàhòmì, ilé Forbes àti Freetown.

Ilé tó bá a lára mu jù ni ilé Schön ní Gillingham. Àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Schön, ó ti gbé Sàró pẹ́, ó sì gbọ́ Hausa débi pé ó kọ ìwé lórí rẹ̀. Ẹni dúdú kì í ṣe ìran wíwò fún un. Màmá ni Àìná ń pe ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí James Davies, oníṣòwò Èkó tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wá fẹ́ ẹ, Àìná ní òun kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rán an lọ bá àwọn obìnrin àgbà kan gbé ní Brighton, ilé tí ó kórìíra gidigidi. Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, 1862, wọ́n ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀. Nínú ìwé ìgbéyàwó, Ina ló ṣáájú Sarah. Orúkọ ilé kò tíì parẹ́.

Wọ́n padà wá sí Èkó. Àkọ́bí rẹ̀ ń jẹ́ Victoria, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Ikọ́ ife ló pa Àìná ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, 1880, ní Funchal, erékùṣù Madeira, níbi tó ti lọ gba ìtọ́jú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Davies gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní Ìjọn, nítòsí Èkó, níbi tó ti ń gbin kòkó.