Woody Strode: Akin tí Àyè Kò Gbà

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn sinimá àwọn agẹṣin oníbọn ti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà yóò mọ John Wayne bí ẹni mowó. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rántí orúkọ adúláwọ̀ tí ó ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú The Man Who Shot Liberty Valance ní ọdún 1962. Woody Strode ni. A mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀bùn nìkan kì í ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ̀tanú bá tì.

Ìlú Los Angeles ni a gbé bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 1914. Ní yunifásítì UCLA, òun, Kenny Washington àti Jackie Robinson jọ gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, ní ọdún 1939. Ògbóǹtarìgì ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 1933 ni líìgì ńlá ilẹ̀ náà kò ti ní adúláwọ̀ kankan mọ́. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ Rams kó kúrò ní Cleveland wá sí Los Angeles, wọ́n sì fẹ́ máa lo pápá ìṣeré ńlá tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Àwọn akọ̀ròyìn adúláwọ̀ dìde, wọ́n ní ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ di ti aláwọ̀ funfun nìkan. Báyìí ni ẹgbẹ́ náà ṣe gba Washington, tí wọ́n sì gba Strode tẹ̀lé e. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Sáà kan péré ni ó sì lò níbẹ̀.

Ọdún 1960 ni òkìkí rẹ̀ kàn nínú sinimá. Nínú Spartacus, òun ni Draba, ẹrú ará Etiópíà tí ó kọ̀ láti pa ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí inú àwọn ọ̀gá Róòmù lè dùn. Ó kọjú ìjà sí àwọn ọ̀gá náà, ó sì bá a lọ. Nínú Sergeant Rutledge, tí John Ford darí, ó ṣe sójà agẹṣin adúláwọ̀ tí a fi ẹ̀sùn èké ìfipábánilòpọ̀ àti ìpànìyàn kàn. Orúkọ ẹni tí ó ṣe ni sinimá náà ń jẹ́, síbẹ̀ orúkọ àwọn òṣèré aláwọ̀ funfun ni a kọ ṣáájú tirẹ̀.

Ó ṣeré nínú Rawhide lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì bá Burt Lancaster àti Lee Marvin ṣe The Professionals ní ọdún 1966. Ní ọdún 1968, nínú Once Upon a Time in the West, ó dúró de ọkọ̀ ojú irin, omi ń kán sórí fìlà rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. A pa á láìpẹ́, ṣùgbọ́n òǹwòran kò gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn ará Ítálì fi í ṣe olórí òṣèré nínú sinimá kan nípa aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà tí a fi Patrice Lumumba ṣe àwòkọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn odi ni ó ti rí ipò tí ó tọ́ sí i.

Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1994, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, bí kò bá sí ẹni tí ń dẹ okùn. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí nígbà tí ọjọ́ ti rọ̀, àbọ̀ ire ni. Nítorí náà, kí olùkọ́ nínú kíláàsì àti olórí nínú ẹgbẹ́ bi ara wọn léèrè pé: ta ni a fi sí ipò ọmọ-ọ̀dọ̀, tí ó yẹ kí ó ti máa ṣe aṣáájú? Kí a sì tètè bèèrè, kí ọjọ́ tó lọ.